Ise: Ojúbọ tí Wọ́n ti ń Se Ìrẹsì fún Òrìṣà Láàárọ̀ Lálẹ́

Àlá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Amaterasu, òrìṣà oòrùn tí àwọn ará Jàpáànù kà sí ìyá ńlá ìdílé ọba wọn, ti fi Ise ṣe ibùgbé tipẹ́tipẹ́ kó tó fara han Ọba Yuryaku lójú oorun. Kò bèèrè wúrà, kò sì ní kí wọ́n jagun fún òun. Ó ní òun nìkan lòún ń dá jẹun níbi tí wọ́n fi òun sí, oúnjẹ ò sì lọ lẹ́nu òun. Ó ní kí wọ́n bá òun mú Toyouke, òrìṣà oúnjẹ, wá láti ilẹ̀ Tanba, kó wá máa tọ́jú ohun tí òun yóò máa jẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọba ṣe bí àlá ti wí. Ìwé ìlànà ojúbọ náà tí wọ́n kọ ní ọdún 804 ló sọ bẹ́ẹ̀, ìṣirò àwọn baba wọn sì fi dídé Toyouke sí nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn. Láti ìgbà náà wá, wọ́n ní, kò sí ọjọ́ kan tí wọn kì í gbé oúnjẹ síwájú àwọn òrìṣà wọ̀nyí, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹni tó bá ti gbọ́ orúkọ Ise rí, ọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n ń wó tí wọ́n sì ń tún kọ́ ní ogún ọdún ogún ọdún ló sábà máa ń gbọ́. Ìyàlẹ́nu ni lóòótọ́, màá sì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi gbà pé oúnjẹ ni orí ọ̀rọ̀ ní Ise, ìrẹsì sì ni orí oúnjẹ. Torí ìrẹsì ni wọ́n ṣe kọ́ ilé náà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Torí ìrẹsì ni ọdún wọn ṣe bọ́ sí àkókò tó bọ́ sí. Àwọn baba wa ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ní Ise, àti òrìṣà pàápàá ni ọ̀rọ̀ yẹn bá wí.

Ìlú kékeré ni Ise, ní ìpínlẹ̀ Mie, létí òkun ìhà gúúsù Jàpáànù. Ọkọ̀ ojú irin ń gbé èèyàn débẹ̀ láti Nagoya tàbí Osaka, ẹni tó bá sì sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Iseshi lè fẹsẹ̀ rìn dé ojúbọ àkọ́kọ́ kó tó làágùn. Mo ní àkọ́kọ́ torí ojúbọ Ise kì í ṣe ẹyọ kan. Márùn-dín-láàádóje ni gbogbo wọn, 125, ńlá àti kékeré, tí wọ́n fọ́n káàkiri ìlú náà àti agbègbè rẹ̀, abẹ́ orúkọ kan ṣoṣo sì ni gbogbo wọn wà: Jingu. Méjì ló jẹ́ olórí. Naiku, ojúbọ ti inú, ni ilé Amaterasu; Geku, ojúbọ ti òde, ni ilé Toyouke. Àṣà wọn ni pé kí èèyàn kọ́kọ́ lọ kí Toyouke kó tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ Amaterasu, àwọn àwòrò fúnra wọn sì ń tẹ̀lé ètò yẹn nínú ìbọ. Olóúnjẹ ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí.

Ẹ jẹ́ ká wọ Geku láàárọ̀, kí èrò tó pọ̀. Afárá kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Téèyàn bá ti kọjá rẹ̀, igbó ló kù. Àwọn igi ibẹ̀ ga, wọ́n sì ti gbó débi pé oòrùn kì í dé ilẹ̀ àfi ní tótótó. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà sójú ọ̀nà, gbogbo ẹsẹ̀ tó bá tẹ̀ ẹ́ ló ń dún. Apá òsì ọ̀nà ni wọ́n ń rìn ní Geku, apá ọ̀tún ní Naiku. Kò sí àwọ̀ pupa tàbí wúrà tó ń kọ mọ̀nà níbẹ̀ bíi ti àwọn tẹ́ḿpìlì tí à ń rí nínú àwòrán àwọn ìlú Éṣíà. Igi lásán tí wọn kò kùn lọ́dà ni ẹnu-ọ̀nà torii wọn, igi lásán náà ni ilé.

Ní ọ̀gangan ibì kan nínú igbó yẹn ni ilé ìdáná wà, Imibiyaden lorúkọ rẹ̀. Àwòrò tí iṣẹ́ bá kàn kì í sùn sílé lọ́jọ́ tó ṣáájú. Inú ọgbà ni yóò sùn, yóò wẹ̀, yóò sì yẹra fún ohun gbogbo tó lè sọ ọ́ di aláìmọ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ẹ́ mọ́, kò ní ṣáná. Igi ni yóò fi yí lórí igi, tí yóò máa yí i tí yóò máa yí i, títí èéfín yóò fi yọ tí iná yóò sì ràn. Iná yẹn nìkan ni wọ́n lè fi se oúnjẹ òrìṣà. Omi náà kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Inú kànga mímọ́ kan tó wà nínú ọgbà Geku ni wọ́n ti ń pọn ọ́n. Oru omi ni wọ́n fi ń se ìrẹsì náà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́.

Ohun tí wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ rèé: ìrẹsì àwo mẹ́ta, iyọ̀, omi, ẹja gbígbẹ, ẹja òkun, ewéko òkun, ewébẹ̀, èso, àti ọtí ìrẹsì ife mẹ́ta. Wọ́n á kó o sínú àpótí onígi, wọ́n á fi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́ mọ́, àwọn àwòrò tó wọ aṣọ funfun á gbé e, àwọn mìíràn á tẹ̀ lé e. Aago mẹ́jọ àárọ̀ àti mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni nígbà ooru; nígbà òtútù, aago mẹ́sàn-án àti mẹ́ta. Kò sí ìlù, kò sí orin. Ìró bàtà wọn lórí òkúta wẹ́wẹ́ nìkan ni etí ń gbọ́. Mikeden ni wọ́n ń gbé e lọ, ilé oúnjẹ tó wà lẹ́yìn ọgbà, níbi tí Amaterasu àti Toyouke pẹ̀lú àwọn òrìṣà tó bá wọn jókòó ti ń gba oúnjẹ wọn. Níbẹ̀ ni àwòrò ti ń gbàdúrà fún àlàáfíà ìdílé ọba, fún orílẹ̀-èdè, àti fún gbogbo aráyé. Lẹ́yìn náà wọ́n á padà, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ ìpalẹ̀mọ́ ti ìrọ̀lẹ́.

Ohun tó jọ mí lójú jù ni pé oúnjẹ tó kéré báyìí ni iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọn kì í lọ sọ́jà lọ ra èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ewébẹ̀ àti èso ń wá láti oko ojúbọ fúnra rẹ̀ ní Futami. Ẹja abẹ́ òkun kan tó ń gbé nínú ìkarahun, tí wọ́n ń pè ní awabi, ń wá láti Kuzaki, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mòòkùn lọ kó o nísàlẹ̀ òkun. Àwọn àwo amọ̀ tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ wọ́n ní ilé iṣẹ́ ojúbọ. Wọn kì í fi nǹkan dídán kun wọ́n lára, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń lò wọ́n. Lẹ́yìn náà wọ́n á dá wọn padà fún ilẹ̀ tó ni amọ̀.

Iyọ̀ ni kẹ́ ẹ wò dáadáa. Ẹnu odò Isuzu, níbi tí omi odò ti ń pàdé omi òkun, ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá ń jó gan-an. Wọ́n á jẹ́ kí omi wọ orí iyanrìn, wọ́n á jẹ́ kí oòrùn fà á gbẹ, wọ́n á ṣẹ́ omi iyọ̀ náà, wọ́n á gbé e lọ sí ojúbọ kékeré kan nítòsí, wọ́n á sì sè é níbẹ̀ nínú ìkòkò irin ńlá títí yóò fi di iyọ̀. Kò tíì tán. Wọ́n á ki iyọ̀ náà mọ́ inú amọ̀ onígun mẹ́ta, wọ́n á sì fi iná sun ún títí yóò fi le bí òkúta. Iyọ̀ onígun mẹ́ta yìí ló ń wọ Geku. Gbogbo ìdààmú yẹn, nítorí iyọ̀ díẹ̀ tí yóò wà nínú àwo kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì.

Ìrẹsì wá ńkọ́? Ìwé Nihon Shoki, tí wọ́n parí ní ọdún 720, sọ pé nígbà tí Amaterasu ń rán ọmọ ọmọ rẹ̀, Ninigi, wá sáyé láti ọ̀run àwọn òrìṣà, ó fa ṣírí ìrẹsì láti inú oko rẹ̀ ní ọ̀run lé e lọ́wọ́ pé kó lọ fi bọ́ àwọn èèyàn. Ohun tí àwọn olùbọ rẹ̀ gbà nìyí: irúgbìn tó wà lọ́wọ́ wa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti wá, nítorí náà nígbà tó bá so, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Oko tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì náà wà ní Kusube, láàárín Geku àti Naiku. Omi odò Isuzu kan náà tó ń ṣàn kọjá níwájú Naiku ni wọ́n ń darí wọ inú oko. Oṣù kẹrin ni wọ́n ń fúnrúgbìn. Kí wọ́n tó gbé ọkọ́, wọ́n á kọ́kọ́ gun òkè tó wà nítòsí lọ gé igi tí wọn yóò fi ṣe èèkù rẹ̀, wọ́n á fi ìtàkùn igbó yí fìlà wọn ká, wọ́n á sì gbé ọkọ́ tuntun yẹn sọ̀kalẹ̀ wá sínú oko. Oṣù karùn-ún ni ìlọ́gbìn. Àwọn ọkùnrin àtàwọn obìnrin agbègbè náà á wọ aṣọ funfun, wọ́n á tò sínú ẹrọ̀fọ̀, ìlù àti fèrè á máa dún lórí pèpéle oko, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa lọ́ ìrẹsì kéékèèké náà bọlẹ̀ ní ìdì mẹ́ta mẹ́rin. Tí wọ́n bá parí, àwọn méjì á gbé abẹ̀bẹ̀ ńlá gàgàrà tí wọ́n ya àwòrán òrìṣà sí lára, wọ́n á fi fẹ́ oko náà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́.

Oṣù kẹsàn-án ni ìkórè. Dòjé ni wọ́n fi ń gé e, lẹ́yìn náà wọ́n á jókòó, wọ́n á máa fa ṣírí rẹ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan lára pòròpórò. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣiṣẹ́ oko rí mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń kórè bí wọ́n bá fẹ́ kí iṣẹ́ yá. Ẹ̀rọ ti wà tó lè kórè gbogbo oko náà kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ níbẹ̀ ni kí ọwọ́ èèyàn kan ṣírí kọ̀ọ̀kan.

Inú àká ni wọ́n ń kó o sí, ní Naiku. Tí ẹ bá ti kí Amaterasu tán, tí ẹ sì ń gba ọ̀nà tó lọ sí ojúbọ Aramatsuri-no-miya, ẹ óò rí àká náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń rìn kọjá láìyà síbẹ̀, ó sì ń dùn mí fún wọn. Ilé kékeré ni, Mishine-no-mikura lorúkọ rẹ̀. Orí òpó ló dúró sí, ilẹ̀ rẹ̀ ga kúrò lórí ilẹ̀ kí ọ̀rinrin àti eku má bàa débẹ̀, pákó nípọnnípọn ni ògiri rẹ̀, koríko ni òrùlé. Ẹ wò ó dáadáa, torí òun ló máa jẹ́ kí ẹ mọ bí ilé Amaterasu ṣe rí. Ilé ńlá yẹn fúnra rẹ̀ kò ṣeé rí. Ọgbà onígi mẹ́rin ló yí i ká, aṣọ funfun kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Iwájú aṣọ yẹn ni àlejò ń dúró sí, láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn òkúta sì ni wọ́n ti ń sọ pé kí ẹ má ya fọ́tò mọ́. Ó kàn jẹ́ pé afẹ́fẹ́ a máa gbé aṣọ náà sókè nígbà mìíràn, ojú á sì tán díẹ̀ sí inú ọgbà. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ilé kíkọ́ gbà pé irú àká tí àwọn àgbẹ̀ ayé ìgbà Yayoi ń kó ìrẹsì wọn sí, ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, ni wọ́n wò kọ́ ilé òrìṣà. Nígbà tí wọ́n ń wá ilé tó yẹ ẹni ńlá wọn, ilé tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí ni wọ́n yàn.

Òru ni ọdún ńlá wọn. Kannamesai ni wọ́n ń pè é, oṣù kẹwàá sì ni. Aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, àti aago méjì òru, ni wọ́n ń gbé ìrẹsì tuntun fún Toyouke. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrìndínlógún, wọ́n á ṣe bákan náà fún Amaterasu. Iná ògùṣọ̀ nìkan ni ìmọ́lẹ̀. Aṣọ àti irinṣẹ́ tuntun ni wọ́n ń lò, òun ló fi jẹ́ pé àwọn àwòrò ka Kannamesai sí ọdún tuntun ti ojúbọ. Ọba Jàpáànù a máa rán ikọ̀ wá, ọba fúnra rẹ̀ a sì máa fi ìdì ìrẹsì tó gbìn ránṣẹ́. Ìrẹsì tí ọba gbìn ni mo wí o: oko ìrẹsì wà nínú ààfin Tokyo, láti ọdún 1927 tí Ọba Hirohito ti bẹ̀rẹ̀ àṣà náà, ọba ló ń wọ bàtà oko tó ń lọ́ ìrẹsì bọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọba Naruhito tó wà lórí oyè báyìí náà ń ṣe é. Lẹ́yìn ti òrìṣà ni ti ọba: ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá, wọ́n á ṣe Niinamesai ní ààfin, níbi tí ọba yóò ti fi ìrẹsì tuntun bọ, tí òun náà yóò sì wá jẹ ẹ́. Ọjọ́ yẹn jẹ́ ọjọ́ ìsinmi fún gbogbo orílẹ̀-èdè dòní, bí wọ́n tilẹ̀ ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí ọjọ́ ìdúpẹ́ fún iṣẹ́.

Ẹni tó dàgbà ní ìlú tí wọ́n ti ń ṣọdún iṣu tuntun kò nílò àlàyé púpọ̀ níbí. Ó mọ̀ pé iṣu lè ti ta, kó ti jáde sọ́jà ìlú kejì, síbẹ̀ kí ẹnu àwọn kan máà tíì kàn án, torí àwọn tó yẹ kó kọ́kọ́ jẹ ẹ́ kò tíì jẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ọ̀rọ̀ ilé. Ọba Tenmu ló gbé ètò náà kalẹ̀, Ọbabìnrin Jito, aya rẹ̀ tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, ló sì mú un ṣẹ ní ọdún 690. Ilẹ̀ méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ilé kan bá wà lórí ọ̀kan, èkejì á ṣófo, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n á dà sí i. Tó bá di ogún ọdún, wọ́n á kọ́ ilé tuntun tó bá ti tẹ́lẹ̀ mu délẹ̀ sórí ilẹ̀ tó ṣófo, wọ́n á ṣí òrìṣà wọ ibẹ̀ lóru, wọ́n á sì tú ti àtijọ́. Igi hinoki tó lé ní 10,000 ló ń bá a lọ. Kì í ṣe ilé nìkan o: idà, aṣọ, dígí, gàárì ẹṣin, gbogbo ẹrù òrìṣà, 1,576 ní iye, ni wọ́n ń tún ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe ní 2013 ni ìkejìlélọ́gọ́ta, owó rẹ̀ lé ní 50 bílíọ̀nù yẹ́ẹ̀nì, àwọn tó wá síbẹ̀ lọ́dún yẹn sì lé ní mílíọ̀nù 14.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ogún ọdún? Òpó tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀ láìsí òkúta lábẹ́ kò lè pẹ́ títí, koríko orí ilé náà ń jẹrà. Àwọn mìíràn ní kí iṣẹ́ lè wà lọ́wọ́ ni: gbẹ́nàgbẹ́nà tó kọ́ṣẹ́ ní ọmọ ogún ọdún yóò jẹ́ ọ̀gá ní ogójì, yóò sì máa tọ́ àwọn ọmọ sọ́nà ní ọgọ́ta. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú àlàyé wọn tún kan ìrẹsì. Òfin ìjọba ayé ìgbà náà sọ iye ọdún tí wọ́n lè fi oúnjẹ oríṣiríṣi pamọ́ sínú àká ọba, ìrẹsì sísè tí wọ́n sá gbẹ ni ọjọ́ orí rẹ̀ gùn jù, ogún ọdún gan-an sì ni. Ilé tó jọ àká, tó sì ń lo iye ọdún tí oúnjẹ inú àká ń lò. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá gbogbo ohun yòókù tí ojú ń rí ní Ise mu.

Igi àtijọ́ kì í ṣòfò. Òpó ńlá tó gbé àjà ilé Amaterasu àti ti Toyouke ró a máa di torii ní ìpẹ̀kun méjèèjì afárá Uji, tó dá odò Isuzu kọjá sí Naiku. Tó bá tún lo ogún ọdún níbẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí Seki àti Kuwana, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò àtijọ́ ti ń dorí kọ Ise. Ní ti igi tuntun, òkè Kiso ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1923 ni ojúbọ ti bẹ̀rẹ̀ sí gbin hinoki sínú igbó tirẹ̀, pẹ̀lú ètò tí yóò gba 200 ọdún. Àwọn tó kọ́kọ́ gbìn ín mọ̀ pé àwọn kò ní rí i kí ó tó tó gé.

Ètò náà ti bàjẹ́ rí. Nígbà tí ogun abẹ́lé gba gbogbo Jàpáànù ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, kò sówó mọ́. Geku kò rí ilé tuntun láti 1434 títí di 1563, ọdún 129. Ẹni tó gbà á sílẹ̀ kì í ṣe ọba, kì í ṣe jagunjagun. Seijun ni, obìnrin tó jẹ́jẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀sìn Búdà, tó ń gbé ní ilé Keikoin ní Ise. Ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń tọrọ owó. Ẹ rántí pé láyé ìgbà náà ojúbọ yìí kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn Búdà rárá: wọ́n ní èdè mìíràn tí wọ́n fi ń pe àwọn nǹkan rẹ̀, wọn kì í sì jẹ́ kí àwọn tó ti fá orí fún Búdà súnmọ́ ojúbọ; ọ̀ọ́kán ni wọ́n ti ń kí i. Obìnrin tí kò lè dé iwájú ilé náà ló sì tọrọ owó tí wọ́n fi kọ́ ọ. Shuyo, tó jẹ olórí Keikoin lẹ́yìn rẹ̀, ló ṣe agbátẹrù ti 1585, nígbà tí àwọn ojúbọ méjèèjì tún rí ilé tuntun. Èmi ò mọ ohun tó tún tọ́ sí ìyìn ju èyí lọ nínú gbogbo ìtàn Ise.

Láyé ìgbà Edo, tálákà ló kún ojú ọ̀nà Ise. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kúrò ní ìlú wọn láìgba àṣẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lọ sí Ise kò rọrùn láti dá padà. Ní 1705, ní 1771 àti ní 1830, ṣe ni èèyàn dédé ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n ń rọ́ lọ. Ìyàwó ilé, ọmọ ọ̀dọ̀, ọmọdé, pẹ̀lú ife onígi tí wọ́n fi ń bomi lọ́wọ́, àwọn ará ojú ọ̀nà sì ń fún wọn lóúnjẹ. Ti 1830 yẹn, iye èèyàn lọ sí mílíọ̀nù mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní orílẹ̀-èdè tí gbogbo ará ibẹ̀ jẹ́ bíi ọgbọ̀n mílíọ̀nù. Àwọn aláìsàn tí kò lè rìn a máa rán ajá wọn lọ, wọ́n á so owó mọ́ ọn lọ́rùn, àwọn èrò ọ̀nà á máa mú un lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹni tó bá wo àwòrán tí ayàwòrán Hiroshige yà nípa odò Miyagawa ní Ise yóò rí irú ajá bẹ́ẹ̀ láàárín èrò. Ohun tó mú wọn lọ ni oúnjẹ: òrìṣà oko wọn ni Toyouke, bí òjò bá rọ̀ tí ìrẹsì sì ṣe dáadáa, ọpẹ́ ni wọ́n ń lọ dá.

Ọpẹ́ náà ni wọ́n ń sọ fún àlejò títí dòní. Níwájú aṣọ funfun, ẹ tẹrí ba lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tún tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì dúpẹ́. Láyé àtijọ́, ọba nìkan ló lè mú ọrẹ wá síbẹ̀. Tí ẹ bá ní ẹ̀bẹ̀ tiyín, wọ́n á júwe ojúbọ Taka-no-miya fún yín ní Geku, tàbí Aramatsuri-no-miya ní Naiku.

Kò ní dára kí n fo ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn tí Ọba Meiji lọ kí Ise fúnra rẹ̀ ní 1869, ìjọba gba ojúbọ náà mọ́wọ́ pátápátá. Wọ́n lé àwọn ìdílé tó ti ń jẹ oyè àwòrò láti ìran dé ìran, wọ́n fi Ise ṣe olórí gbogbo ojúbọ, wọ́n sì lo orúkọ Amaterasu láti kó àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè wọn lọ sójú ogun àti láti jẹ gàba lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ilé tó jẹ́ ti àgbẹ̀ di ti ológun. Oṣù kejìlá 1945 ni àwọn tó ṣẹ́gun Jàpáànù já ìjọba àti ẹ̀sìn kúrò lára ara wọn. Ilé tó yẹ kí wọ́n kọ́ ní 1949 kò ṣeé ṣe. Afárá Uji nìkan ni wọ́n rí ṣe lọ́dún náà. Ní 1953 ni wọ́n tó rí ilé kọ́, owó tí àwọn aráàlú dá ni wọ́n sì fi kọ́ ọ.

Nígbà tí ẹ bá jáde ní Naiku, òpópónà Oharaimachi ni yóò gbà yín. Ẹ má kọjá láìjẹ Akafuku, ìrẹsì tí wọ́n gún kúnná tí wọ́n fi ẹ̀wà pupa dídùn bò. Láti 1707 ni ilé ìtajà Akafuku ti ń ṣe é. Ipa ìka mẹ́ta tó wà lára ẹ̀wà náà dúró fún omi odò Isuzu.

Ìrẹsì ń jìyà lọ́wọ́ ní Jàpáànù báyìí. Ní ọdún 1962, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ kílógíráàmù 118 lọ́dún. Èyí tí wọ́n ń jẹ báyìí kò tó ìdajì ìyẹn. Ọjọ́ orí àwọn àgbẹ̀ wọn, tí a bá pín in dọ́gba, ti súnmọ́ 70. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 2024, ìrẹsì tán lórí pẹpẹ àwọn ṣọ́ọ̀bù, nígbà tó sì fi di ìgbà ìrúwé 2025, àpò kílógíráàmù márùn-ún ti lé ní 4,000 yẹ́ẹ̀nì, ìlọ́po méjì iye tó jẹ́ lọ́dún tó ṣáájú, débi pé ìjọba ní láti ṣí àká ìpamọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, lásìkò Kannamesai, àwọn àgbẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà ṣì ń fi ìdì ìrẹsì tuntun ránṣẹ́ sí Ise, wọ́n sì ń so wọ́n rọ̀ sára ọgbà onígi ojúbọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọba.

Oko Kusube náà ti fún àwọn àgbẹ̀ ní nǹkan padà. Ní 1989, ìjì líle kọlu oko náà, ìrẹsì Koshihikari tí wọ́n gbìn síbẹ̀ sì dùbúlẹ̀ lórí omi. Pòròpórò méjì péré ló dúró ṣánṣán láàárín gbogbo rẹ̀. Wọ́n ya irúgbìn wọn sọ́tọ̀, wọ́n gbìn ín, wọ́n tún un gbìn, ó sì jẹ́ irú ìrẹsì tuntun tí ìjì kì í tètè wó. Ní 1996, ojúbọ sọ ọ́ ní Isehikari. Àwọn àgbẹ̀ ń gbìn ín báyìí ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn.

Ní 2033 ni àwọn òrìṣà yóò wọ ilé tuntun tó kàn. Àwọn àwòrò ti ṣe ìbọ àkọ́kọ́ rẹ̀ lẹ́nu igbó lóṣù karùn-ún 2025, láti tọrọ ààyè lọ́wọ́ òrìṣà òkè kí wọ́n tó gé igi. Àwọn ará ìlú Ise yóò wá fa àwọn ìtì igi náà wọlé fúnra wọn, àwọn kan lórí kẹ̀kẹ́ onígi gba ìgboro lọ sí Geku, àwọn mìíràn nínú odò Isuzu lọ sí Naiku, okùn lọ́wọ́, orin lẹ́nu. Ẹni tó bá fẹ́ rí Ise dáadáa lè lọ nígbà tí wọ́n ń fa igi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí, oṣù kẹwàá ni n óò ní kó lọ, nígbà tí àwọn ará ìlú kan náà bá fi ìrẹsì tuntun kún kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fà á bọ̀ wá sílé Toyouke.